Kókó tí kò dunni: ẹ má tíì jẹ́ kí wanzam fọwọ́ kàn án

Àǹtí, ẹ ní kókó kan ti wà lẹ́yìn ọrùn ọkọ yín láti ọdún tó kọjá, kò dùn ún, àwọn ará ilé sì ní kẹ́ ẹ pe wanzam (onígbàjámọ̀ Hausa tó ń fi abẹ gé nǹkan lára) ní Kubwa, l'Ábújá, kó wá gé e dànù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá a dúró. Pé kókó kò dunni kò ní kó má léwu. Ọ̀pọ̀ èyí tó burú kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí eéwo lásán lè má jẹ́ kéèyàn sùn.

Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rọ̀, tó ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí kò sì dàgbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rá tó ṣù jọ, èyí tí dókítà ń pè ní lipoma. Tí ojú dúdú kékeré bá wà láàárín rẹ̀, àpò tí awọ tó ti kú kún inú rẹ̀ ni. Ẹ má fún un o! Àpò náà lè bẹ́ sínú, kó wú, kó di ọyún. Bí àpò bá sì kù síbẹ̀, ó lè tún kún.

Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ sílẹ̀. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó ń dàgbà, tó le, tí kò ṣeé mì, tàbí tó tún hù lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e, ẹ tètè lọ rí dókítà. Ti ọmú (àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ń ní in) àti ti kórópọ̀n kì í ṣe ohun à ń wọ̀n: ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ rí dókítà.

Ti ọrùn ló ń kó èèyàn láyà sókè jù. Kókó ọrùn lè wú nítorí ọ̀fun dídùn, eyín tó ń jẹrà tàbí egbò orí, àmọ́ ó yẹ kó máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí kò bá rọlẹ̀, tí ọkọ yín ń làágùn lóru títí kan ìgbà ọyẹ́, tó ń rù, ó lè jẹ́ ikọ́ fée (TB) inú kókó ọrùn, kódà kó má wúkọ́ rárá. Jẹjẹrẹ náà lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Tí wanzam bá la kókó ikọ́ fée, ojú egbò náà lè máa ṣomi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fa díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò. Oògùn ikọ́ fée kì í ṣe títà nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Kubwa. Tó bá gba bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ̀wé yín sí ọsibítù ńlá tó wà ní Gwagwalada. Tí wọ́n bá máa gé e, ẹ béèrè ṣáájú pé ṣé wọ́n á gbé e lọ fún àyẹ̀wò histology (èyí tí wọ́n fi ń mọ irú kókó tó jẹ́), kẹ́ ẹ sì béèrè iye rẹ̀, torí ó lè má sí nínú owó iṣẹ́ abẹ. Inú fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni wọ́n ń kó o sí, kí omi náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran ọ̀hún, kí orúkọ ọkọ yín sì wà lára ike. Tí wọ́n bá kó o sínú omi lásán, á jẹrà, kò ní ṣeé yẹ̀ wò mọ́. Ẹ gba èsì rẹ̀ ní ìwé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹnu sọ ọ́ fún yín lásán.