Mo fẹ́ kọ áàpù kékeré tí yóò fi owó àsansílẹ̀ àwọn oníbàárà mi hàn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọbáńtokò l'Abẹ́òkúta níbí ni mo wà, mo ń ta íntánẹ́ẹ̀tì Wi-Fi fún àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Àwọn kan ń san ₦15,000 lóṣooṣù, àwọn kan ₦42,000 fún oṣù mẹ́ta, àwọn díẹ̀ sì ń san ₦156,000 fún ọdún kan. Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ fi ń sanwó, àwọn tó kù ń fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi tàbí kí wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Mo mọ HTML àti JavaScript díẹ̀. Mo fẹ́ ojú ìwé kan tí màá máa ṣí nínú browser, tí màá fi rí bí owó ṣe ń wọlé àti ẹni tó ti ń yẹra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsapá. Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára yín rárá. Yíya àwòrán ló tilẹ̀ rọrùn jù nínú rẹ̀: Chart.js, àkójọ kóòdù JavaScript tó ń ya àwòrán ìṣirò, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fún un ní orúkọ oṣù méjìlá àti iye owó méjìlá, á to òpó kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan fún yín. Àwọn iye owó méjìlá yẹn gan-an ló yẹ ká jókòó tì.

Ká ní oníbàárà mẹ́rin san owó ọdún kan lóṣù kìíní. ₦624,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá yà á bó ṣe wọlé, òpó oṣù kìíní á ga fíofío, ti oṣù kejì á balẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ọjà ti ń kú, nígbà tí ẹnì kan kò tíì kúrò. Onílé tó gba owó ilé ọdún kan mọ̀ pé owó oṣù méjìlá ló wà lọ́wọ́ òun. Ó yẹ kí áàpù yín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. ₦156,000 jẹ́ ₦13,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ₦42,000 sì jẹ́ ₦14,000. Nítorí náà, àwòrán méjì ni kí ẹ yà. Àkọ́kọ́ á fi owó tó dé ọwọ́ yín hàn, torí òun ni ẹ ó fi ra dísẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ó sì fi san gbèsè àwọn tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì á fi iye tí iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan mú wá hàn, òun ló ń sọ bóyá òwò ń dàgbà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ sójú àwòrán kan láéláé.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, gbogbo owó tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀ yín: ọjọ́ tí wọ́n san án, ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì tó sanwó fún bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ fi orúkọ oníbàárà, iye owó, ọ̀nà tó gbà wọlé àti nọ́ńbà reference (nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó kọ̀ọ̀kan) kún un. SQLite, ibi ìtọ́jú dátà kékeré, tó láti gbé e, fáìlì kan ṣoṣo ni. Ẹ fi Node.js, ètò tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí browser, kọ apá ẹ̀yìn, ìyẹn apá tí kò hàn nínú browser, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mọ JavaScript.

Ẹ wo bí àkọsílẹ̀ kan ṣe máa ń rí tó bá ti ọ̀dọ̀ Paystack dé:

amount: 1500000
paid_at: "2025-03-31T23:20:00.000Z"

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló wọlé. ₦15,000 ni, kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ fi kọ́bọ̀ pamọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fi 100 pín in nígbà tó bá fẹ́ yọ lójú ìwé. Ọjọ́ náà ńkọ́? Z tó wà nípàrí fi hàn pé aago UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni, aago tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago méjìlá òru kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ni ẹni yìí sanwó. Bí ẹ kò bá yí i sí Africa/Lagos, orúkọ aago Nàìjíríà nínú kóòdù, owó oṣù kẹrin á bọ́ sínú òpó oṣù kẹta.

Paystack lè máa fi webhook, ìyẹn ìsọfúnni tó ń fi ránṣẹ́ sí áàpù yín fúnra rẹ̀, ta yín lólobó bí owó bá ti wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ sáfà, kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Bó bá jẹ́ laptop yín ni áàpù náà wà, tí iná sì ń lọ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ béèrè lọ́wọ́ Paystack fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí i: kí ló ti wọlé láti ìgbà tí mo béèrè kẹ́yìn? Èyí tí status (ipò) rẹ̀ jẹ́ success (ó yọrí) nìkan ni kí ó kó, torí kádì tí báǹkì kọ̀ náà máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ iye tí ẹ fẹ́, 50 péré ni á kó wá lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ ní kí ó máa béèrè page (ojú ìwé) tó kàn títí á fi tán. Ẹ sì jẹ́ kí reference jẹ́ UNIQUE (èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe méjì) nínú tábìlì SQLite yín, kí owó kan má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Fún owó ọwọ́ àti ti àkáǹtì, fọ́ọ̀mù kékeré kan tí ẹ ó máa fọwọ́ kọ nǹkan sí ti tó.

Ní ti ẹni tó ń yẹra, àkójọ orúkọ ló wúlò fún yín ju àwòrán lọ. Ẹ to àwọn tí ọjọ́ ìparí wọn ti kọjá, ẹni tó pẹ́ jù lókè. Ẹ má tíì ka ẹnikẹ́ni sí ẹni tó ti lọ títí ọjọ́ 14 á fi kọjá. Owó oṣù máa ń pẹ́ dé ọwọ́ àwọn mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, tó ń gbé lágbègbè yín á lọ sílé fún ọlidé, wọ́n á sì padà wá, nítorí náà ẹ fún irú wọn ní àmì tiwọn, kí wọ́n má baà ba ìṣirò yín jẹ́. Bí ẹ bá ń lo subscription Paystack tó ń yọ owó lórí kádì fúnra rẹ̀, ẹ wo status rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ attention, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kádì rẹ̀ ló kọ̀, òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an.

Kọ́kọ́rọ́ Paystack tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí áàpù yín fi ń bá Paystack sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ dé inú kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú browser, kò sì gbọdọ̀ dé GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ti ń tọ́jú kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú fáìlì .env (fáìlì tí wọ́n ń fi àṣírí áàpù sí) lápá ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé áàpù náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i lẹ́nu. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì kan ẹni tó bá kó wọn jọ.

Kí ẹ tó gbára lé ohun tí ẹ kọ, ẹ mú oṣù kan tó ti kọjá, kí ẹ fi àwòrán àkọ́kọ́, láìka owó ọwọ́, wé ìwé àkáǹtì báǹkì yín. Àpapọ̀ owó ọjọ́ kan ni Paystack máa ń fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tó bá ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀: nínú ₦15,000, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100 jẹ́ ₦325, ₦14,675 ni á kù. Ẹ kó fees (owó iṣẹ́ Paystack) tó wà nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú tábìlì náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi wé ti báǹkì.