Sílíkọ̀n oníhò mi ń bó sínú bọ́fà, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe másítà ni mí nílùú Ìbàdàn. Sílíkọ̀n oníhò wínníwínní ni mò ń lò láti fi mọ̀ bóyá bakitéríà wà nínú omi kànga. Bí mo bá ti rẹ ẹ́ sínú bọ́fà pH 7.4 (omi tí ìwọ̀n ásíìdì rẹ̀ kì í yí bọ̀rọ̀) kí n lè so àńtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì tó ń di bakitéríà mú, mọ́ ọn, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ á ti bó. Ṣé bọ́fà mi ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Bọ́fà rẹ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, àbúrò. Ìhòòhò lo gbé sílíkọ̀n wọnú omi.

Bó ṣe ń jáde látinú ásíìdì hydrofluoric (HF) tí o ti fi iná mànàmáná gbẹ́ ẹ, háídírójìn nìkan ló bo ojú ihò rẹ̀, ìbòrí yẹn kò sì le. Omi á jẹ ẹ́, sílíkọ̀n á di ásíìdì silicic, á bá omi lọ. Àwọn tó ń fi í gbé oògùn sínú ara fẹ́ràn ìyẹn, torí èèyàn á tọ̀ ọ́ jáde. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Leigh Canham tiẹ̀ ti fi hàn ní 1995 pé irú èròjà tó wà nínú egungun lè hù lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánù ni fún ìwọ. Àwọ̀ lò ń kà: bí nǹkan bá so mọ́ inú ihò, àwọ̀ á sún sọ́nà pupa, bí sílíkọ̀n bá ń yòrò, á sún sọ́nà búlúù. Èyí ìkẹyìn ló ń bo èyí tí ò ń wá mọ́lẹ̀.

Aṣọ ló yẹ ká dà bò ó. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ọ́síjìn mú un, bíi pánù òrùlé Bẹẹrẹ, àfi pé ti pánù ń ba pánù jẹ́ ni, ti sílíkọ̀n ń dáàbò bò ó. Wákàtí kan nínú ààrò oníná ní nǹkan bíi 600°C sábà máa ń tó. APTES, kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ ojú sílíkọ̀n náà, ló kàn, kí kẹ́míkà kejì, glutaraldehyde, tó wá di àńtíbọ́dì mú mọ́ ọn. APTES yìí gan-an ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tó bá ti rí ọ̀rinrin, á máa so mọ́ ara rẹ̀, á dì bí ẹ̀kọ tó tutù, á dí ihò pa. Oṣù Keje ní Ìbàdàn ńkọ́? Bí o bá fẹ́ gba ibẹ̀ dandan, toluene gbígbẹ ni kí o lò.

Èyí tí mo fẹ́ fún ọ ni kí o so kábọ́ọ̀nù mọ́ sílíkọ̀n tààrà. Undecylenic acid la fi ń ṣe é, òróró lárà ni wọ́n sì ti ń rí i, lárà kan náà tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa. Gbàrà tí o bá gbẹ́ sílíkọ̀n tán, kí háídírójìn ojú rẹ̀ tó ṣí, rì í sínú undecylenic acid náà, fi náítírójìn lé afẹ́fẹ́ jáde, kí o gbé e kaná ní nǹkan bíi 120°C fún wákàtí mélòó kan. Kò gba ààrò 600°C tí NEPA lè mú iná rẹ̀ lọ lágbedeméjì. EDC àti NHS, kẹ́míkà méjì tó ń so nǹkan pọ̀, á wá so àńtíbọ́dì mọ́ orí ásíìdì tó yọ síta. Fi ethanol fọ̀ ọ́ dáadáa kí o tó gbé e lọ sídìí FTIR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared mọ ohun tó so mọ́ ojú sílíkọ̀n: àmì Si–H (sílíkọ̀n àti háídírójìn) ní bíi 2100 cm⁻¹ á dínkù, ti ásíìdì ní bíi 1710 á yọ. Bí o kò bá fọ̀ ọ́, ásíìdì tó kàn sá pamọ́ sínú ihò lásán á yọ ní 1710 náà. Mo ti yọ irú ayọ̀ òfo bẹ́ẹ̀ rí.

Wo bí ihò rẹ ṣe fẹ̀ tó náà. Àńtíbọ́dì IgG tó nánómítà 10 sí 15. Bí ihò kò bá fẹ̀ tó 20, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Bakitéríà tó tó máíkrómítà kan kò tilẹ̀ lè wọlé, orí ihò ni yóò jókòó sí, nítorí náà má retí kí àwọ̀ yí púpọ̀. Rẹ ọ̀kan tí kò ní àńtíbọ́dì sínú bọ́fà kan náà mọ́jú, kí o lè mọ èyí tó jẹ́ ti omi.

O kò sọ bí o ṣe ń lo HF. Ó lè má ta ọ́ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ á wọra, á máa wá kálísíọ́mù kiri títí dé egungun. Ike ni kí o fi gbé e, kì í ṣe dígí, bí kò bá sì sí jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate nítòsí, má ṣí ìgò rẹ̀.