Ìdí tí ìpele kúrómáìtì fi ń gùn lọ ní Bushveld, tó sì ń já ní Oman

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ni mí. Wọ́n kọ́ wa pé ìpele kan ti kúrómáìtì, ìyẹn òkúta dúdú tí wọ́n ti ń yọ mẹ́tàlì kúrómíọ̀mù, lè gùn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ ní Bushveld ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ní Oman, ó máa ń já lójijì. Kí ló fà á, kí sì ni kí n máa wò lórí pápá?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti dì ló fà á. Ní Bushveld, ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, màgímà, ìyẹn òkúta tí ooru ti yọ́, ya wọ inú ilẹ̀, ó sì tẹ́ síbẹ̀ bí adágún gbígbòòrò tó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Kúrómíọ̀mù inú irú màgímà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Bó bá sì ń tutù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, olivine, ìyẹn hóró òkúta aláwọ̀ ewé, ló máa ń dì jù, tí kúrómáìtì yóò kàn jẹ́ èérún díẹ̀ láàárín rẹ̀. Kí kúrómáìtì tó lè dá dì, nǹkan gbọ́dọ̀ da màgímà náà rú. Ní 1977, onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, T. N. Irvine, ṣàlàyé pé bí màgímà tuntun bá ya wọlé, tó sì pò mọ́ èyí tó ti ń dì tẹ́lẹ̀, àdàlù wọn kò ní lè gba gbogbo kúrómíọ̀mù náà mọ́ra, kúrómáìtì nìkan ni yóò sì máa dì fún ìgbà díẹ̀. Àlàyé yìí ni mo fara mọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ mìíràn gbà pé ìyípadà nínú ìfúnpá ló ṣe é. Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé hóró kúrómáìtì kàn rì nítorí pé ó wúwo: ní Odò Dwars ní Bushveld, ìlà dúdú kúrómáìtì máa ń ya sí méjì nínú òkúta funfun, á sì tún padà so pọ̀, rírì nìkan kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti Oman kò ní adágún nínú. Inú mántù, lábẹ́ èèpo ayé, ni màgímà ti ń wá ọ̀nà gòkè, tó ń yọ́ pyroxene, oríṣi hóró òkúta mìíràn, kúrò lára harzburgite, ìyẹn òkúta mántù tó ní olivine àti pyroxene, tí silica (èròjà inú yanrìn) inú màgímà náà sì ń pọ̀ sí i títí kúrómáìtì fi dì sójú ọ̀nà náà, tí òkúta etí rẹ̀ sì di dunite, òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ olivine nìkan. Lẹ́yìn náà ni mántù, tó ṣì ń rìn, na àwọn ìṣù kúrómáìtì náà, ó ká wọn, ó sì já wọn.

Nítorí náà, ní Oman, òkúta tó yí i ká ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú harzburgite tí oòrùn àti òjò ti jẹ máa ń rí ṣákiṣàki, nítorí hóró pyroxene yọrí lára rẹ̀. Ti dunite máa ń jọ̀lọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìṣù bá já, ẹ má fi dunite sílẹ̀, nítorí òmíràn lè wà nínú rẹ̀. Ní Bushveld, bí ìpele bá pòórá, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ ló ya níbẹ̀, tàbí bóyá ìpele náà rì wọ inú òkúta ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn awakùsà ń pè ní pothole, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti parí.