Ṣé àpò ọta Browning Hi-Power àtijọ́ ń wọ FN High Power tuntun?

Rárá, kò wọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ FN ti Bẹ́ljíọ̀mù ló ni ìbọn ìléwọ́ méjèèjì, wọ́n sì jọra lójú, ṣùgbọ́n àpò ọta àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn kò ṣe é fi pààrọ̀ ara wọn.

John Browning ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ti àtijọ́. Nígbà tó kú ní 1926, Dieudonné Saive ló bá a parí rẹ̀, ìbọn náà sì jáde ní 1935. Ọta 13 ni àpò rẹ̀ ń gbà. Ní 2018 ni wọ́n kéde pé àwọn kò ṣe é mọ́. Èyí tí FN gbé jáde ní 2022 ń gba ọta 17.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni kí ẹ fi sọ́kàn jù. Nínú Hi-Power àtijọ́, irin kékeré kan wà tó máa ń fara ti àpò ọta. Bí ẹ bá ti yọ àpò náà, ìbọn kò ní dún bí ẹ bá fà á, kódà bí ọta kan bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀. (Irin yìí náà ló ń mú kí fífà rẹ̀ le díẹ̀.) Ti 2022 kò ní irin yìí: bí ẹ tilẹ̀ yọ àpò ọta, ọta tó ṣẹ́kù ṣì lè jáde. Ẹni tí ti àtijọ́ ti mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣí i wò dáadáa.

SA-35, tí Springfield Armory ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021, yàtọ̀ ní tirẹ̀: ó ń gba àpò ọta Hi-Power àtijọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò ní irin ààbò yẹn.