Bí Wíwá Nǹkan Nínú Tábìlì COBOL Ṣe Lè Yá Sí I

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ètò kan tí wọ́n fi COBOL, èdè ìkọ̀tò kọ̀ǹpútà, kọ, tí mo bá níbi iṣẹ́, máa ń wá kóòdù ọjà nínú tábìlì ọjà 20,000, fún ìlà títà 500,000 lálaalẹ́. SEARCH, àṣẹ tí COBOL fi ń wá nǹkan nínú tábìlì, ni wọ́n lò, ó sì ti ń falẹ̀ jù. Ṣé ká ra ẹ̀rọ tuntun ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. SEARCH máa ń yẹ ọjà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá èyí tó ń wá. Bí gbogbo ọjà bá ń tà dọ́gba, á yẹ nǹkan bí 10,000 wò fún ìlà kan. Ìyẹn bílíọ̀nù 5 lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo!

SEARCH ALL ni kí ẹ lò. Àárín ló ti ń bẹ̀rẹ̀: bí kóòdù tó ń wá bá kéré sí ti àárín, á fi gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀, á tún lọ sí àárín èyí tó kù. Fún 20,000, kò lè yẹ ju 15 wò. Ẹ kéde tábìlì náà báyìí:

01 TABILI-OJA.
   05 OJA OCCURS 1 TO 20000 TIMES
      DEPENDING ON IYE-OJA
      ASCENDING KEY IS KOODU
      INDEXED BY IX.
      10 KOODU PIC X(8).
      10 OWO PIC 9(7)V99.

Ẹ ò nílò SET IX TO 1 (àṣẹ tó ń mú atọ́ka IX lọ sí ọjà àkọ́kọ́) mọ́, àmọ́ àmì = nìkan ni WHEN rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń sọ ohun tí ẹ ń wá, ń gbà.

Ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ rèé. ASCENDING KEY kì í bá yín to nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ń ṣèlérí pé àwọn kóòdù ti wà létòlétò, láti kékeré dé ńlá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ètò náà ò ní kígbe, á kàn ní òun ò rí ọjà tó wà níbẹ̀ gan-an. Bákan náà, bí OCCURS yín (iye àyè tó wà nínú tábìlì) bá jẹ́ 20000 gbọnrangandan, tí ọjà 6,000 péré sì wọlé, àlàfo (àmì òfìfo) ló sábà máa ń kún ibi tó kù. Àlàfo kéré sí kóòdù èyíkéyìí, nítorí náà iwájú ni ètò á máa sáré lọ, kò sì ní padà síbi tí ọjà wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo DEPENDING ON, tó ń jẹ́ kí wíwá mọ síbi iye tó wà nínú IYE-OJA. Ẹ rí i pé IYE-OJA bá iye tó wọlé mu. Ẹ sì lè kó HIGH-VALUES (iye tó ga jù lọ) sínú KOODU gbogbo kí ẹ tó ka fáìlì.

Bí ẹ ti ń kà á wọlé, ẹ fi kóòdù kọ̀ọ̀kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bó bá kéré, kí ètò dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì tẹ kóòdù náà jáde.