Láti Braunston dé Uxbridge: ọjọ́ mẹ́ta kò lè gbé e

Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ ti ra narrowboat, ọkọ̀ tóóró tí wọ́n ń tù lórí kánààlì (omi tí ènìyàn gbẹ́), tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 57 ní Braunston láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé Uxbridge ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni èbúté tí ẹ rí gbà wà, àti pé ẹ̀yin, ìyàwó yín àti ọmọ yín ọkùnrin fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi bank holiday gbé e wálé. Ẹ tún ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni yín, omi kì í ṣe àjèjì sí yín. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni èmi náà gbà gbé ọkọ̀ tèmi wá, mo sì ń fi tọkàntọkàn bẹ̀ yín: ọjọ́ mẹ́ta kò lè gbé e. Ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Kì í ṣe pé ẹ ò mọ ọkọ̀ tù. Lọ́ọ̀kì ni, àwọn yàrá omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ Braunston dé Uxbridge lórí kánààlì Grand Union, ọ̀nà náà lé ní 80 máìlì, lọ́ọ̀kì tó wà lójú ọ̀nà náà sì lé ní 80. Bí àwọn tó ti pẹ́ lórí kánààlì ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé kí ẹ ro iye máìlì pọ̀ mọ́ iye lọ́ọ̀kì, kí ẹ wá fi 3 pín in. Iye wákàtí tí ẹ ó lò nìyẹn. 80 àti 80 di 160. Ẹ fi 3 pín in, ó lé ní wákàtí 53. Bí ẹ bá ń rìn fún wákàtí méje lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́jọ ti lọ, ẹ ò tíì dúró pọn omi, ẹ ò tíì tò sẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn, ẹ́ńjìnnì kò sì tíì dá wàhálà kankan sílẹ̀. Máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan ni òfin gbà láyè. Tí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rọra débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí omi yóò yá jù yín lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ọjọ́ tó máa lọ, ìkánjú ni. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò wọ tọ́nẹ̀lì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti ń húkọ́. Òun náà ni yóò ṣí omi lọ́ọ̀kì kí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ tó múra tán. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ọjọ́ tí ẹ ó dé Uxbridge fún ẹnikẹ́ni, àní fún ara yín.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ gé ìrìnàjò náà sí wẹ́wẹ́. Canal & River Trust, àjọ tó ń bójú tó kánààlì láti ọdún 2012, gbà kí ọkọ̀ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ fún ọjọ́ 14 lójú kan, àfi níbi tí pátákó bá ti kọ iye tó kéré sí i. Ẹ sì wo ojú ọ̀nà yín dáadáa: láti Wolverton títí dé Kings Langley, ojú irin tó ń lọ sí ibùdó Euston ní Lọ́ńdọ̀nù kì í jìnnà sí kánààlì. Wolverton, Bletchley, Leighton Buzzard, Tring, Berkhamsted, Hemel Hempstead, Apsley, Kings Langley: gbogbo wọn ni ẹ ti lè so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wọ rélùwéè padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ tún wá bá a lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ní Berkhamsted, ẹ̀gbẹ́ omi ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ní yẹn, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, Wolverton ló máa gbé yín dé: lọ́ọ̀kì 21 àti nǹkan bí 30 máìlì. Èyí tó tó fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, òpin ọ̀sẹ̀ kan láti Wolverton dé Leighton Buzzard, òmíràn gun òkè Marsworth dé Tring, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba Hertfordshire. Lọ́ọ̀kì tó wà láti Cowroast, lẹ́yìn Tring, dé Uxbridge nìkan lé ní 40, ẹ má rò pé ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn.

Kí ẹ tó tú okùn, ẹ wá ìwé. Láísẹ́ǹsì ẹni tó ta ọkọ̀ kò lè di tiyín. Tiyín lọ́tọ̀ ni ẹ máa gbà lórúkọ ara yín. Ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ di tiyín, kí ẹ sì bi wọ́n tààrà bóyá ó bo ìrìnàjò gbígbé ọkọ̀ wálé yìí pẹ̀lú. Ìwé Boat Safety, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ààbò ọkọ̀, tí wọ́n ń ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ń bá ọkọ̀ lọ ní tirẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni ètò náà ti sọ ọ́ di dandan kí aago tó ń kìlọ̀ nípa carbon monoxide wà nínú irú ọkọ̀ yìí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí ẹ máa sùn sínú ọkọ̀ yìí pẹ̀lú iná sítóòfù, ọmọ yín sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì wá kù. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ti dúró lójú kan fún oṣù gbọọrọ. Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì tí kò kún máa ń làágùn nínú. Omi yẹn á sọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀gbin dúdú tó ń yọ̀ á sì hù níbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ kò bá mira, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbéra, tó fi orí sọ ògiri lọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀gbin yẹn á dìde, á sì lọ dí asẹ́. Bó ṣe ṣe tèmi nìyẹn, lẹ́yìn tí a kọjá Gayton. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi sọ pé ọdọọdún ni mẹkáníìkì ń yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì náà fa ohùn sílẹ̀, ó húkọ́, ó kú. Afẹ́fẹ́ wá ń tì wá lọ sínú ẹ̀gún tó wà ní òdìkejì. Okùn àárín ló gbà wá: ìyàwó mi jù ú sí ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn létí omi, òun ló bá wa fà á dé èbúté. Nígbà tí mẹkáníìkì dé tó tú asẹ́ náà, ohun tó jáde ń yọ̀ bí ewédú tó ti kan.

Ẹ rántí ohun tó wà níwájú Gayton: tọ́nẹ̀lì Blisworth. Ó lé ní 2,800 mítà nínú òkùnkùn, omi ń kán lókè, ọkọ̀ mìíràn lè máa bọ̀ ní ìdojúkọ yín, kò sì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Láti ọdún 1805 tí wọ́n ti ṣí i, tí ọkọ̀ kò sì tíì ní ẹ́ńjìnnì, àwọn ọkùnrin ló ń dùbúlẹ̀ sórí pákó, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri láti gbé ẹrù kọjá. Mo máa ń ronú nípa wọn nígbàkígbà tí mo bá kà nípa kánààlì yìí. Ká ní inú ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tiwa ti kú ni, kò sí okùn tí a lè jù sí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní Braunston, ẹ sanwó fún mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kì í ṣe ti alágbàtà tó ta ọkọ̀. Kí ó fa dísẹ́ẹ̀lì láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ jọ wò ó. Kí ó pààrọ̀ gbogbo asẹ́, kí ó fún yín ní mẹ́ta tí ẹ ó fi pamọ́, kí ó sì dúró tì yín títí ẹ̀yin fúnra yín á fi lè pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Ẹ bi í níbi tí ẹ ó ti máa yí gíríìsì sí ìdí ọ̀pá propeller nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi odidi ọjọ́ kan tù ú lọ sí ìhà Napton, kí ẹ yí i padà wá. Kò sí lọ́ọ̀kì kankan láàárín Braunston àti ibẹ̀. Bí nǹkan bá máa bàjẹ́, ìtòsí ẹni tó lè tún un ṣe ni ó ti máa bàjẹ́.

Ìdérí kan wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní weed hatch, ibi tí ẹ ti máa na ọwọ́ kan propeller láti yọ ọ̀rá, aṣọ àti okùn tó bá wé mọ́ ọn. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù lẹ máa ń ṣí i tó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò ẹni tó ń na ọwọ́ sínú omi. Tí ẹ bá parí, ẹ dé e pa, ẹ fún un le, ẹ tún fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ ti rì rí nítorí ìdérí yìí tí kò wọlé dáadáa, tí propeller ń da omi sínú rẹ̀.

Ní ti lọ́ọ̀kì, àwọn ti Grand Union fẹ̀ tó ọkọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ síbi tí ẹ ń lọ, ẹ kí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ jọ máa wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ á dín kù, omi á dín kù, ọkọ̀ yín kò sì ní máa gbá kiri nígbà tí omi bá ń ru sókè. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ìlà funfun tí wọ́n fà sára ògiri lápá ẹ̀yìn. Pèpéle òkúta tàbí kọnkéré wà lábẹ́ omi níbẹ̀, cill ni wọ́n ń pè é. Bí ìdí ọkọ̀ bá jókòó lé e lórí, tí omi ń lọ sílẹ̀, orí ọkọ̀ á dà sínú omi, ó sì lè rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyàwó yín tàbí ọmọ yín tó bá di windlass, irin ọwọ́ tí a fi ń ṣí omi lọ́ọ̀kì, mú kò gbọ́dọ̀ wo fóònù, kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ni kó máa wò. Ẹ jọ fẹnu kò lórí àmì ọwọ́ kan tó túmọ̀ sí “tì í pa”, nítorí ariwo omi kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má so okùn mọ́ irin pinpin, ọkọ̀ á kọ́ sára ògiri.

Omi Ẹ̀pẹ́ kọ́ yín ní ohun púpọ̀, ẹ máa mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ọkọ̀ ju ẹni tí kò rí ọ̀sà rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ máa ń fi ti ọkọ̀ kékeré kúrò lára èbúté, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ọkọ̀ yín yìí lé ní tọ́ọ̀nù 15, kò sì ní bíréèkì. Bí ó bá máa gbá ògiri, ẹ jẹ́ kó gbá a. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tó bá wà láàárín wọn á fọ́. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín kó má ṣe fò láti orí ọkọ̀ sí ilẹ̀; kó dúró títí ilẹ̀ á fi súnmọ́, kó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ yẹ ìkéde Canal & River Trust wò lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni wọ́n máa ń tú lọ́ọ̀kì ṣe, wọ́n á sì ti ojú ọ̀nà pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi orí òkè Tring ló máa ń kọ́kọ́ di ọ̀ràn. Èyí jẹ́ ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí ẹ dá ọjọ́. Ẹ pe ẹni tó ni èbúté Uxbridge, kí ẹ sọ fún un pé “láàárín oṣù méjì”, kí ó tọ́jú àyè náà dè yín.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ máa sanwó kréènì níbi méjèèjì àti ti ọkọ̀ akẹ́rù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni. Àwọn mìíràn ń gba owó ojúmọ́ láti bá ènìyàn tù ú. Bí owó bá wà, ẹ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, láti Braunston dé Weedon, kí ó kọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́ọ̀kì mẹ́fà ti Braunston, tọ́nẹ̀lì kan àti lọ́ọ̀kì méje ti Buckby wà nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó péye nìyẹn.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ bá so ọkọ̀ sí Berkhamsted ránṣẹ́ sí mi. Mo ní windlass méjì. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ìyàwó mi á wọ rélùwéè wá bá yín, a ó ṣí lọ́ọ̀kì fún yín títí dé Apsley.