Ṣé ìwé ìyọ̀ǹda ni oṣù mẹ́rin jẹ́ fún ọkọ tó jìnnà sílé?

ÌBÉÈRÈ: Ààfáà wa, assalaamu alaykum. Àpáta n'Ìbàdàn ni ìyàwó àtàwọn ọmọ mi ń gbé, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì-méjì ni mo ń délé. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ Àbújá ni wọ́n ń gbé mi lọ. Ìyá àwọn ọmọ ní òun ò fẹ́, pé kí n wá iṣẹ́ kékeré ṣe n'Ìbàdàn. Ààfáà kan sọ fún wa ní àsáláátù pé aláìgbọràn ni obìnrin tó bá dí ọkọ lọ́wọ́ iṣẹ́ haláálì, pé bí oṣù mẹ́rin ò bá tíì pé tí ọkọ ti kúrò nílé, kò sẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó tún ní kí n mówó wá kí wọ́n ka Súrà Yáàsín nígbà mọ́kànlélógójì kí ọkàn ìyàwó mi lè rọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í jẹ́ kí n bọ́ bàtà tán kó tó béèrè pé, "Dádì, ìgbà wo lẹ tún ń lọ?" Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alaykum salaam, arákùnrin mi. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin yìí ni n óò kọ́kọ́ mú, torí ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé e wá bá mi.

Oṣù mẹ́rin wà nínú Àlùkùránì lóòótọ́, Súrà Bàkárà, áàyà 226. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀? Ọkùnrin tó fi Ọlọ́hun búra pé òun ò ní súnmọ́ ìyàwó òun mọ́ ni. Láyé àìmọ̀kan, ọkùnrin lè búra bẹ́ẹ̀ kó pa obìnrin tì fún ọdún kan tàbí méjì. Kò rí ọkọ, kò sì lè fẹ́ ẹlòmíì. Ọlọ́hun wá pààlà sí i: tó bá ti pé oṣù mẹ́rin, kó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ tàbí kó kọ̀ ọ́. Áàyà tó sọ̀ kalẹ̀ láti gba obìnrin lọ́wọ́ ìyà ni ẹ wá fi ń jẹ ẹ́ níyà yìí!

Wọ́n á ní Umar ọmọ Khattab, tó jẹ́ olórí Mùsùlùmí kejì lẹ́yìn Ànábì, ńkọ́? A gbọ́. Ó ń rìn kiri Mẹ̀dínà lóru, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ tó lọ sójú ogun. Ó lọ bi Hafsa ọmọ rẹ̀ pé báwo ni obìnrin ṣe lè fara dà á pẹ́ tó. Oṣù mẹ́rin làwọn kan gbà wá, mẹ́fà làwọn míì. Umar sì fi ìyẹn dá ìgbà fáwọn ọmọ ogun. Ojú ogun lọkọ obìnrin yẹn lọ o, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ẹ tún wò ó: obìnrin ni Umar bi léèrè, kò pe ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ.

Àwa tá à ń tẹ̀ lé Imam Malik, ẹ jẹ́ ká ṣí Muwatta wa, ìwé tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sí. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ níbẹ̀ pé ara ìyà ni ìrìn àjò, a máa du èèyàn lóorun, a máa dù ú lóúnjẹ àti ohun mímu. Tẹ́nì kan bá ti ṣe ohun tó bá lọ tán, kó yára padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀. Kó yára ni o.

Abu Darda, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ńkọ́? Ààwẹ̀ àti ìrun òru ni kì í jẹ́ kó ráyè ìyàwó rẹ̀. Salman, sàábé bíi tiẹ̀, dé ilé wọn, ó rí i pé obìnrin náà ò tiẹ̀ tún ara ṣe mọ́. Ó sọ fún ọkọ pé Olúwa rẹ ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ, ara rẹ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ náà ní ẹ̀tọ́. Fún olúkúlùkù ní tiẹ̀. Ànábì gbọ́, ó ní òótọ́ ni Salman sọ. Bí ìrun nàfílà, tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, ò bá lè jẹ ẹ̀tọ́ ìyàwó gbé, ṣé owó oṣù ló máa jẹ ẹ́ gbé?

Èmi náà jẹ̀bi ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní kéwú níta Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn mi ń pè mí ní "Ààfáà" bíi tàwọn ọmọ kéwú yòókù. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi.

Mi ò ní kí o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Wájíbù, ìyẹn ọ̀ranyàn, ni kí o bọ́ wọn. Ìgbéga kì í ṣe wájíbù. Bí iṣẹ́ Ìbàdàn bá máa bọ́ wọn yó, kódà bí o ò ní pààrọ̀ mọ́tò, gbà á, kí o má lọ Àbújá. Ìyàwó rẹ kì í ṣe aláìgbọràn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè. Bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí o jẹ́ kó gbọ́.

Yáàsín àdápè tí wọ́n ń ka iye rẹ̀ láti fi rọ ọkàn ìyàwó, bídíà pọ́ńbélé ni, ìyẹn àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, má san kọ́bọ̀. Láti 2021 lọkọ̀ ojú irin ti ń ná Mọníyà sí Ebúté Mẹ́ta, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Owó Yáàsín yẹn, fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí o sì máa bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí iṣẹ́ Ìbàdàn á fi bọ́ sí i. Tí ọmọ yẹn bá tún béèrè, má purọ́ fún un. Sọ ọjọ́ tí o máa lọ àti ọjọ́ tí o máa dé.

Wallaahu a'lam.